Obìnrin tó ṣe Hyacinth: iṣẹ́ wo ló ń ṣe kó tó pé ọmọ ọdún 61?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tiwa, ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ gígùn kan ránṣẹ́, wọ́n ní Patricia Routledge ló kọ ọ́, ìyá òyìnbó tó ṣe Hyacinth nínú eré àwàdà tẹlifíṣọ̀n *Keeping Up Appearances*. Ó ní òun máa pé ọmọ ọdún 95 ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Ó ní ayé òun kò lójútùú títí òun fi lé ní ogójì ọdún, àti pé ìgbà tí òun di ẹni 50 ni òun tó gba iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó sọ òun di ẹni táyé mọ̀. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á. Ọmọ mi obìnrin ní irọ́ ni, pé kí n má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ta ni kí n gbà gbọ́? Tó bá jẹ́ irọ́, kí wá ni ìyá yẹn ń ṣe látìgbà yẹn? Kí ló sì dé tó fi Hyacinth sílẹ̀ nígbà tí eré náà dùn jù?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ọmọ yín ló jàre.

Ẹ ò tilẹ̀ nílò kí ẹ wádìí lọ ibi tó jìnnà, kàlẹ́ńdà tó. Ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1929 ni wọ́n bí Patricia Routledge. Ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 95, ìyẹn 17 oṣù Kejì ọdún 2024, ọjọ́ Sátidé ló bọ́ sí. Ọdún kejì rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí náà tó bọ́ sí Mọ́ńdè, ìyá sì ti di ẹni 96 nígbà yẹn. Ti pé ẹni 50 ló gba iṣẹ́ Hyacinth náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1990 ni BBC gbé apá àkọ́kọ́ sáfẹ́fẹ́, ẹni 61 ni ìyá. Èèyàn lè ṣi ọjọ́ kan kà, kò burú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ tí yóò ṣi ọdún mọ́kànlá kà nínú iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká? Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń mú omi jáde lójú èèyàn, àmọ́ kò mọ obìnrin tó ń forúkọ rẹ̀ kọ̀wé.

Irọ́ orí fóònù pọ̀, n kò bá má dá sí i. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èsì tó gùn báyìí ni pé irọ́ yìí bo ìtàn tó dùn jù ú lọ mọ́lẹ̀. Ó fi obìnrin yìí hàn bí ẹni tó ń táràrà kiri títí tẹlifíṣọ̀n fi wá ṣàánú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 39, àmì-ẹ̀yẹ Tony ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn òṣèré orí ìtàgé Amẹ́ríkà ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn lé. Iṣẹ́ tó ṣe ṣáájú Hyacinth ló bí Hyacinth. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyẹn.

Birkenhead ni ìlú rẹ̀, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Odò Mersey ló pààlà sáàárín ìlú yẹn àti Liverpool, béèyàn bá dúró létí odò níbẹ̀, Liverpool ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ìlú àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ọkùnrin ló ń tà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn Jámánì ń rọ̀jò bọ́ǹbù sórí èbúté Mersey, inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ni tìyá-tọmọ ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Kò fi tíátà ṣe àlá. Yunifásítì Liverpool ló lọ, èdè àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kà níbẹ̀, iṣẹ́ tiyín, iṣẹ́ tíṣà, ló sì rò pé òun máa ṣe. Ẹgbẹ́ eléré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kó sí i lórí. Ọdún 1952 ló kọ́kọ́ gorí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí òṣèré, ní Liverpool Playhouse, nínú *A Midsummer Night's Dream* ti Shakespeare. (Ọkọ̀ Aureol, tó ń kó àwọn bàbá wa láti Èkó lọ kàwé lókè òkun, ìparí ọdún 1951 ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn, Liverpool ló sì ń gúnlẹ̀ sí. Mo máa ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ti yà wọ tíátà yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ òtútù kan, kó sì rí ọmọbìnrin ọlọ́jà aṣọ yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.) Ó tún kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tíátà Bristol Old Vic. Nígbà tó di ọdún 1954, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù, eré olórin ló sì gbé e débẹ̀.

Orin gan-an ni kókó. Ohùn Patricia Routledge kì í ṣe ohùn àwàdà. Ohùn tó kẹ́kọ̀ọ́ ni, èyí tó wà láàárín tírẹ́bù àti áltò. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin máa mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀: ó lè sọ̀ kalẹ̀ kó jinlẹ̀, ó tún lè gòkè láìfọ́. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ tó ń fi jẹun ni eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, pẹ̀lú àwọn eré ọlọ́rọ̀ ẹnu lásán láàárín wọn.

Ọdún 1966 ló kọ́kọ́ ṣeré ní Broadway, àdúgbò àwọn tíátà ńlá ní New York. Ní oṣù Kìíní ọdún 1968, wọ́n gbé eré olórin kan jáde níbẹ̀ tí wọ́n pè ní *Darling of the Day*. Jule Styne ló ṣe orin rẹ̀, Vincent Price tí àwọn tó fẹ́ràn sinimá ẹ̀rù mọ̀ dáadáa ló sì ṣe ọkùnrin inú rẹ̀. Routledge ṣe opó kan tó ń wá ọkọ. Èrò kò wá wò ó. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi pa iná eré náà. Síbẹ̀ nígbà tó di oṣù Kẹrin, wọ́n gbé Tony fún un gẹ́gẹ́ bí òṣèrébìnrin tó ta yọ jù nínú eré olórin lọ́dún yẹn, òun àti Leslie Uggams jọ pín in. Eré tó ti kógbá wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, obìnrin inú rẹ̀ ló gba ẹ̀bùn!

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1976, ìyẹn tilẹ̀ burú jù. Leonard Bernstein tó ń ṣe orin, òun àti Alan Jay Lerner tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin, ṣe eré ńlá kan nípa ilé àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà. Routledge ló ṣe gbogbo ìyàwó ààrẹ inú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọjọ́ tí ààrẹ kan ń kó jáde tí èkejì ń kó wọlé. Ìyàwó ẹni tó ń lọ, Julia Grant, ń fi ìbínú kọrin, ìyàwó ẹni tó ń bọ̀, Lucy Hayes, ń fi ìgbéraga dá a lóhùn. Òṣèré kan ṣoṣo ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Ohùn kan rọ̀, èkejì le, ó ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láàárín ìlà orin kan sí òmíràn, láìdúró mí. Wọ́n ní èrò dìde dúró pàtẹ́wọ́ títí eré kò fi lè tẹ̀ síwájú. Ẹ̀ẹ̀méje péré ni wọ́n ṣe eré náà ní Broadway, ó parí. Ọ̀rọ̀ náà dun Bernstein tó bẹ́ẹ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n gba orin rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ tó dára jù tí obìnrin yìí ṣe rí, afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Ẹ wá rí ìdí tí ayé kò fi mọ̀ ọ́n. Eré orí ìtàgé kì í fi nǹkan sílẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló rí i, ẹni tí kò sí níbẹ̀ gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ni. Eré méjì tó yẹ kó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, méjèèjì kú kí wọ́n tó lè rìn. Sinimá ńkọ́? Ó wà nínú *To Sir, with Love* ti ọdún 1967 pẹ̀lú Sidney Poitier, ó ṣe ọ̀kan nínú àwọn tíṣà ilé ìwé yẹn. Ẹ ti lè wo fíìmù yẹn láìmọ̀ pé òun ni.

Tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kò mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ní ọdún 1961, ó ṣe obìnrin tó ni ilé tíì kan nínú *Coronation Street*, ó sì jáde láìpẹ́. Lọ́dún 1974 ó ṣe obìnrin tó ń pe òkú sọ̀rọ̀ nínú apá kan *Steptoe and Son*. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń wá nìyẹn, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Lójú tèmi, àwọn tó ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn kì í kọ ipò tó nípọn fún obìnrin tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sì jẹ́ ọmọge. Tírú wọn bá dé, wọ́n á sọ wọ́n di ará ilé kejì, tàbí onílé tó ń béèrè owó. Ó di dandan kí àwọn òǹkọ̀wé kan wà tó fẹ́ràn irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Méjì ló kọ́kọ́ dé, ọmọ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn méjèèjì bíi tirẹ̀. Alan Bennett, ọmọ Leeds, kọ *A Woman of No Importance* tí BBC gbé jáde lọ́dún 1982. Òṣèré kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, òun náà ni Routledge. Kámẹ́rà dojú kọ ọ́, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ́fíìsì àti oúnjẹ ọ̀sán àti ta ló jókòó ti ta. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹni tó ń wò ó yóò fi mọ̀ pé obìnrin náà ń kú lọ, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Victoria Wood kọ Kitty fún un láàárín ọdún 1985 sí 1986. Kitty yìí a jókòó lórí àga, a dojú kọ kámẹ́rà, a máa sọ èrò rẹ̀ nípa gbogbo nǹkan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pani lẹ́rìn-ín. Òun àti Wood kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣòfò.

Ọdún 1988 ló wá ṣe méjì papọ̀. Nínú oṣù Kẹrin, BBC gbé *Talking Heads* ti Bennett jáde, Routledge sì ṣe Irene Ruddock nínú *A Lady of Letters*. Irene ń dá gbé. Kò ní ọ̀rẹ́, pẹ́ẹ̀nì ló ní. Lẹ́tà ẹ̀sùn ló ń kọ lọ bá gbogbo ayé: ó kọ̀wé sí àwọn tó ń ta sọ́sééjì, ó kọ̀wé nípa àwọn tó ń sin òkú, ó ń kọ̀wé nípa àwọn tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́tà yìí ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Inú ẹ̀wọ̀n náà ló ti wá láyọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́, ó ń kọ́ṣẹ́. Ojú tó ti le koko láti ìbẹ̀rẹ̀ eré tú ká. Lọ́dún yìí kan náà, ó ń kọrin nínú *Candide* ní Old Vic ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ẹ̀bùn Olivier, tí wọ́n ń fún àwọn òṣèré orí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù, lórí rẹ̀. Orin Bernstein ni *Candide*. Èyí tí Broadway pa lọ́dún 1976, Lọ́ńdọ̀nù san án padà fún un lọ́nà mìíràn.

N kò tíì mẹ́nu kan ti Shakespeare o. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Royal Shakespeare Company lọ́dún 1984, ó ṣe Ayaba Margaret nínú *Richard III* tí Antony Sher jẹ́ ọba rẹ̀. Obìnrin tó ń gégùn-ún ni Margaret. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé lẹ́tà WhatsApp yẹn kò mọ̀ pé gbogbo ìwọ̀nyí wà.

Ibi tí Roy Clarke bá a nìyẹn nígbà tó mú ìwé eré Hyacinth wá. Òǹkọ̀wé àwàdà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni Clarke, òun ló ni *Last of the Summer Wine* àti *Open All Hours*. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó nínú àwọn òǹkàwé wa: Hyacinth Bucket jẹ́ ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, inú ilé tí kò tóbi tí kò kéré ló ń gbé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ayé máa wo òun bí ọlọ́lá. Ó ní orúkọ ọkọ òun, tó túmọ̀ sí garawa, kí wọ́n máa pè é bí ọ̀rọ̀ Faransé tó ń jẹ́ ìdì òdòdó. Inú ilé jákujàku ni Daisy àti Rose, àwọn àbúrò rẹ̀, ń gbé, pẹ̀lú Onslow ọkọ Daisy tí kì í bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, tí ọtí bíà kì í sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo eré náà kò ju èyí lọ: Hyacinth ń pe èèyàn ńlá wá jẹun, mọ́tò Onslow sì ń yìnbọn ní òpópónà.

Ṣekárími ni Hyacinth, a mọ irú wọn, a ní wọn ládùúgbò, ẹlòmíì ní wọn nílé. Ọ̀pọ̀ òṣèré ì bá fi ẹ̀gàn ṣe é. Routledge kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń gbé fóònù funfun yẹn. Aago dún, ó kọ́kọ́ tún irun ṣe bí ẹni pé ẹni tó ń pè rí i. Ó gbé e sétí, ó fi ohùn gíga tó rọra ń yọ̀ kí ẹni náà ní orúkọ ilé. Tó bá jẹ́ Sheridan ọmọ rẹ̀ ni, ohùn á yọ̀ bí oyin, títí ọmọ á fi béèrè owó. Tó bá jẹ́ Daisy ni, ohùn á wálẹ̀ wẹ́rẹ́, á wo ẹ̀yìn, kí ará ilé kejì má baà gbọ́ pé òun ní àbúrò. Tó bá sì jẹ́ ẹnì kan tó fẹ́ ra oúnjẹ Ṣáínà, tó ṣi nọ́ńbà pè, ohùn Birkenhead ló kù tó ń jáde, gbogbo aṣọ ọlọ́lá ti bọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ti gbọ́ obìnrin mẹ́rin. Ẹni tó kọrin ìyàwó ààrẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní New York ló ń gbé fóònù yẹn, kò sì sí ohun tó le nínú rẹ̀ fún un.

Ti orin tún dùn jù. Emmet, àbúrò Elizabeth ará ilé kejì, olórin ni, ẹ̀rù Hyacinth ń bà á nítorí bó bá ti rí i lójú fèrèsé báyìí, Hyacinth á kọrin sí i kó lè fi í sínú eré rẹ̀. Orin náà burú jáì. Kí ohùn tó mọ orin tó lè burú báyẹn, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ mọ ibi tí nóòtì wà gan-an kó tó lè fi ìwọ̀n kékeré kọjá ibẹ̀. Ẹni tí kò mọ orin kọ yóò kàn burú lásán ni, kò ní pani lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: Mary Millar tó ṣe Rose láti ọ̀wọ́ kejì lọ, olórin gidi lòun náà, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe *The Phantom of the Opera* ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1986. Inú ilé Onslow níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti kọrin!

N kò ní gbé gbogbo oyè náà fún òun nìkan. Clive Swift tó ṣe Richard mọ bí ọkọ ṣe ń dákẹ́. Josephine Tewson ló ṣe Elizabeth, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n nígbà tí Hyacinth bá gbé ife tánganran olówó iyebíye lé e lọ́wọ́, tí kọfí á sì dà kalẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń ṣe àwàdà yẹn, ẹni tó ń wo ife àti ẹni tó ń dì í mú. Bí ojú Hyacinth bá ti lẹ̀ mọ́ ife náà tí kò sọ nǹkan kan, ọ̀ràn ti dé.

Ọ̀wọ́ márùn-ún ni wọ́n ṣe, apá 44 pẹ̀lú àwọn ti Kérésìmesì. Ọ̀kan nínú àwọn ti Kérésìmesì, lọ́dún 1993, inú ọkọ̀ ojú omi QE2 ni wọ́n ti ṣe é. Hyacinth ti ná owó ńlá kó lè wà láàárín àwọn ọlọ́lá, ló bá kan Daisy àti Onslow nínú ọkọ̀ kan náà; ìdíje ni wọ́n jẹ tó gbé wọn débẹ̀. Wọ́n dárúkọ Routledge lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ yìí fún BAFTA, àmì-ẹ̀yẹ sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà á. Nígbà tó di ọdún 2016, ìròyìn jáde pé òun ni eré tí BBC tíì tà jù fún àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n lókè òkun, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ìbéèrè yín kẹta wá dé: kí ló dé tó fi í sílẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó tó. Apá ìkẹyìn jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1995, BBC fẹ́ kó máa bá a lọ. Ó ti rí i pé àwọn ohun kan ti ń padà wá nínú ìwé eré, ó sì gbà pé ó sàn kéèyàn kúrò nígbà tí wọ́n ṣì ń béèrè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì wo iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hyacinth, ẹ ó rí i pé kò fìgbà kan gbà kí obìnrin yẹn jẹ òun tán. Lọ́dún 1992, ó ṣe òǹkọ̀wé Barbara Pym fún BBC. Lọ́dún 1994, ó ṣe Hildegard ti Bingen, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Jámánì ayé àtijọ́ tó ń ṣe orin. Láàárín wọn, lọ́dún 1992 sí 1993, ó wà nínú *Carousel* ní National Theatre, níbi tó ti ń kọ "You'll Never Walk Alone". Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Liverpool tí ẹ ń fi orin yẹn pariwo lójú tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, inú eré yẹn ni orin yín ti wá, obìnrin tó sì ń kọ ọ́ lálaalẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, òdìkejì odò yín gan-an ni wọ́n ti bí i.

Bó ṣe fi Hyacinth sílẹ̀ ló bọ́ sínú *Hetty Wainthropp Investigates*, láti ọdún 1996 sí 1998. Ìyàwó ilé ni Hetty, ará Lancashire, ẹni tó pé 60 ọdún tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, tó wá sọ ara rẹ̀ di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni. Hetty kò ní fáàrí kankan. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀, tàbí kó jókòó sẹ́yìn alùpùpù ọmọkùnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, Geoffrey, tí Dominic Monaghan ṣe. Ọmọ yẹn ló wá di gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà nínú *The Lord of the Rings*. Ohùn tí Hyacinth ń bò mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo ni Hetty ń fi sọ̀rọ̀ ní gbangba. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Hyacinth lọ, bí àwọn ọ̀rẹ́ mi tilẹ̀ ń bá mi jà lórí rẹ̀.

Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ìlú Chichester ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá ń gbé. Lẹ́yìn tó ti lé ní 80 ọdún, ó ṣì ń lọ láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú eré méjì. Ọ̀kan jẹ́ ìtàn ayé rẹ̀ nínú orin. Èkejì, *Admission: One Shilling*, òun àti Piers Lane tó ń tẹ dùùrù ni wọ́n ṣe é, nípa Myra Hess, obìnrin tó kó àwọn olórin jọ sí National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ogun. Wọ́n ti kó àwọn àwòrán ibẹ̀ lọ pa mọ́ nítorí bọ́ǹbù, ni Hess bá fi orin kún ilé òfìfo náà lọ́sàn-án, ṣílè kan ni owó ìwọlé. Ẹni tó fi ìgbà èwe rẹ̀ sùn sábẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ ohun tó ń sọ níbẹ̀.

Ọba ilẹ̀ wọn fi oyè dá a lọ́lá lẹ́ẹ̀mẹ́ta: OBE lọ́dún 1993, CBE lọ́dún 2004, wọ́n sì sọ ọ́ di Dame lọ́dún 2017. Ojú oorun ló gbà kú, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹni 96 ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó báyìí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ Hyacinth, ẹ ti mọ̀ ọ́n. *A Lady of Letters* ni kí ẹ wá. Kò tó wákàtí kan, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju obìnrin kan, àga, pẹ́ẹ̀nì àti ojú fèrèsé tó ń gbà wo ọ̀nà lọ. Ẹ wò ó tán kí ẹ tó lọ wá apá èyíkéyìí tí Hyacinth ti gbé fóònù. Ẹ fetí sí àyè kékeré tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá mọ̀ pé Daisy ni, kí ohùn tó wálẹ̀. Kí ọmọ yín obìnrin jókòó tì yín, torí òun ló jàre, ó yẹ kó jẹ èrè rẹ̀.